Ohùn Mi Ni, Màámi

Mọ́ńdè, 6 oṣù kẹfà, 2022
Èmi, Ọ̀gágun Àgbà Dúrósinmí, olórí ogun gbogbo àdúgbò Wójì, ni mo ń kọ ìwé yìí. Lójú ogun ọjà Oil Mill ni mo ti fara gbọgbẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo wọ̀ dojú dé, mo fi èjìká ọ̀tún balẹ̀. Fọ́tò egungun tí wọ́n yà fún mi ní kò sí nǹkan. Gbogbo ilé wá ní irọ́ ni Ọ̀gágun ń pa.

Túsìdeè, 7
Ó ń ta mí bí ata.

Tọ́sìdeè, 9
Mi ò lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Park-Well — bàbá mi nìyẹn, ọlọ́pàá tó máa ń jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn awakọ̀ — ní kí n yéé sín arọ jẹ. Èmi náà ni mo fà á. Mo ti sín ìrìn àti ohùn Bàbá Fàdílátù, ará yáàdì wa tó ń tiro, jẹ rí, gbogbo yáàdì rẹ́rìn-ín. Mo wá ń ké báyìí, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 11
Màámi ní iṣan ló lọ́. Róòbù, omi gbígbóná. Ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́. Mo ké. Ó ní, "Ohùn ta lo tún ń ṣe yẹn?"
Ohùn mi ni, Màámi.

Túsìdeè, 14
Ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n fọwọ́ méjèèjì ti ògiri. Egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká mi yọ síta bí apá adìyẹ. Màámi lanu.
Dókítà ní, "Mama, na nerve. Person no fit act this one."
Màámi ní, "Na the same vein I dey draw since."
"Abeg, no draw am again."
Iṣan kan ṣoṣo ni Màámi mọ̀. Àṣé iṣan tó ń gbé ẹrù yàtọ̀ sí èyí tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ. Òjíṣẹ́ ló fara pa. Aláàárù ni Màámi ń fìyà jẹ. Fọ́tò egungun kì í rí òjíṣẹ́. Dókítà ní yóò san, àmọ́ yóò pẹ́: oògùn, eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹrù.
Nínú bọ́ọ̀sì, Màámi gba báàgì mi. "Má bínú, ọkọ mi."

Fúráìdeè, 17
Park-Well fúnra ẹ̀ pọnmi.

Sọ́ńdè, 19
Ó ṣì ń ta, àmọ́ wọ́n ti gbà mí gbọ́. Mo sùn dáadáa.
Ọ̀gágun ti fẹ̀yìn tì. Adédàpọ̀ ni mí, ọmọ Park-Well, tó sá kúrò nílé ìwé ní JS3. Lọ́jọ́ Oil Mill, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀, tí mo fi ohùn bàbá mi jágbe: "Park well!" Awakọ̀ yà lójijì, a dojú dé.
Mo jẹ́wọ́ fún Park-Well lónìí. Ó ní, "Ṣé ohùn mi le tó yẹn ni?" Ó ní kí n ṣe é kí òun gbọ́.
Mo ṣe é. Kẹ̀kẹ́ kan tó ń kọjá níwájú ilé dúró gbagidi.