Ọkọ̀ Tó Ń Lọ sí Erékùṣù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ọ̀gá Ó-Yá wá sílé lónìí. Ọ̀gá rẹ ni mò ń wí, ẹni tí ìwọ fúnra rẹ sọ lórúkọ yẹn torí pé kò lè sọ̀rọ̀ tán láìsọ "ó yá". Kọ̀ǹpútà rẹ ló wá gbé. Ó ní àfikún eré oko orí fóònù tí ò ń tú sí Yorùbá ti fẹ́ jáde, apá tuntun táwọn tó ń ṣe eré náà máa dáńlóòdù sórí fóònù wọn. Erékùṣù kan ni, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn á wọ̀ débẹ̀. Ó ní o ti túmọ̀ ìdajì rẹ̀ kó tó di pé—

Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà.

Mo ní kó má gbé kọ̀ǹpútà lọ. Mo ní màá parí iṣẹ́ náà.

"Ìyàwó wa, aṣọ mà lẹ̀ ń rán."

Mo ní aṣọ ni mò ń rán lóòótọ́, àmọ́ etí ta lo máa ń ka gbogbo rẹ̀ sí nídìí maṣíìnì? Ta ló ní kó o yọ "àgbẹ̀ ọlọ́lá jùlọ" kúrò, pé ẹni tó bá kíni báyẹn fẹ́ yáwó ni?

Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní ó yá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Kò rọrùn. Ìlà ìlà ni wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà fúnni, kò sì tò tẹ̀léra. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan níbí, orúkọ irúgbìn lọ́hùn-ún, "tẹ ibí" láàárín. Wọ́n kàn kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti iye lẹ́tà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ìgbà tí oníbàárà bá gbé apá aṣọ wá láìgbé ara rẹ̀ dání. Bóyá aṣọ ìyàwó ni o, bóyá aṣọ iṣẹ́ ni, ìwọ ṣáà máa rán.

Báwo lo ṣe ń ṣe é?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ìyá rẹ ṣì ń ṣe eré náà. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú. Oko rẹ̀ inú eré ti di igbó, kò kàn án. Ẹnu géètì nìkan ló ń lọ, sọ́dọ̀ Bàbá Onígéètì, àgbàlagbà tó ń gbé lẹ́bàá oko. Torí pé ìwọ lo wà lẹ́nu bàbá yẹn. "O ti dé? Ṣé ebi ò pa ọ́?" "Jẹ́ kí wọ́n máa sọ, ẹnu ò ní ilẹ̀kùn." Ohùn rẹ, gẹ́lẹ́. Ìyá á kà á síta, á rẹ́rìn-ín, á dá a lóhùn.

Lónìí mo gbọ́ tó ń sọ fún fóònù pé, "Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ìwọ ńkọ́?"

Mo padà sí yàrá.

O mọ̀ pé wọn ò jẹ́ kó débi tí wọ́n sin ọ́ sí. Àwọn àgbà ní kí ìyá jókòó sílé. Ó jókòó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Alágídí ṣì wà láàyè. Ewúrẹ́ inú eré, èyí tó o fi orúkọ tí ò ń pè mí sọ. Mo rántí ọjọ́ tí mo bínú sí i. O ní ewúrẹ́ ló yẹ kó bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo rí Bàbá Onígéètì nínú àfikún. Ó ti kó lọ sí erékùṣù. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó pọ̀, ìwọ lo sì túmọ̀ àwọn tó ṣáájú:

"O ti dé. Fa àga yẹn, jókòó."

"Ọ̀nà jìn, mo mọ̀."

"Ilé yìí tutù díẹ̀, àmọ́ mò ń rí òkun láti orí ibùsùn."

Lẹ́yìn ìyẹn lo fo ìlà kan. O fi ìràwọ̀ kékeré sí i, bó o ṣe máa ń ṣe bó o bá fẹ́ padà wá síbẹ̀. Kò sórúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bá ọ kọ ọ́: "Ibùsùn. Wọ́n ti tẹ́ ẹ dáadáa." Ibùsùn lásán. Kí ló le níbẹ̀?

Ìyókù ni mo ń ṣe. Mo ń ka gbogbo ohun tó o ti kọ sẹ́yìn, mò ń ṣa ọ̀rọ̀ rẹ bí ẹni tó ń ṣa abẹ́rẹ́ tó dà sílẹ̀.

Mo sọ fún Ìyá. Mo ní bàbá yín ti kó lọ síbi tó dáa, ẹ máa tó lọ kí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé tíì rẹ̀. Ó ní èèyàn kì í ti oko lọ kí èèyàn lọ́wọ́ òfo. Ó ti ń ro igbó. Ó fẹ́ gbin tòmátì tó máa gbé dání.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo parí. Mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì wá wò ó nínú eré gan-an, kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọmọbìnrin tó ń dán eré wò fún wọn jókòó tì mí. Ó ń jẹ gúgúrú. Mo wọ ọkọ̀. Òkun náà dáa. Mo dé ilé bàbá, mo kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀.

Kò sẹ́nì kankan.

Àga. Fèrèsé. "Ibùsùn. Wọ́n ti tẹ́ ẹ dáadáa." Téèpù kékeré kan lórí tábìlì. Mo tẹ̀ ẹ́. "O ti dé. Fa àga yẹn, jókòó."

Téèpù ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlà yẹn, tèmi tìrẹ, inú téèpù ni wọ́n wà. Bàbá ló gbà á sílẹ̀ kó tó kú. Lẹ́yìn ilé, òkìtì iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó ń tàn: "Gbin òdòdó síbí." Èmi ni mo kọ ìyẹn náà. Mo rò pé iṣẹ́ oko ni.

Ìwọ mọ̀. Ìdí nìyẹn tó o fi fo ibùsùn yẹn.

Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá a lè yí i padà. "Àǹtí, wọ́n ti kọ ìtàn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa," ló wí. Ó gbé gúgúrú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. "Ṣé kí n bu omi wá?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo bẹ Ọ̀gá Ó-Yá. Mo ní ẹ jẹ́ ká sọ pé ó rìnrìn àjò. Ẹ jẹ́ kí téèpù sọ pé òun ń bọ̀. Mo sọ fún un nípa Ìyá, nípa tòmátì.

Ó ní àwọn tó ni eré ló ni ìtàn, bí òun bá yí i padà, wọ́n á gbéṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní Ọjọ́ Ẹtì ló ń jáde. Ó ní òun ka ohun tí mo kọ, òun ò lè jẹun ọ̀sán.

Kò sọ "ó yá".

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo pa íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù Ìyá. Kò tíì di ọ̀sán tó fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lójúde wa. Ìyẹn sìn ín wálé. "Kò sóhun tó ṣe é, Màmá. Ẹnì kan ló pa á." Àwọn méjèèjì wò mí. Mo tẹjú mọ́ maṣíìnì. Mo rán apá sí ibi ọrùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Àfikún náà jáde. Mo la ẹnu láti sọ fún Ìyá. Ó ní kí n wá wo tòmátì òun bó ṣe pọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Nígbà tí mo dé, Ìyá jókòó nídìí fèrèsé, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti lọ sí erékùṣù.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, Ìyá, mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Nígbà tí mo sì mọ̀, mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ó ní òun wọlé, òun fa àga bó ṣe wí, òun jókòó, òun gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "O wà níbẹ̀ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn, ìwọ nìyẹn. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ gùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló gbà á lẹ́nu mi.

Ó na fóònù sí mi. Ẹ̀yìn ilé bàbá. Òdòdó funfun kan lórí òkìtì yẹn, ó sì to àwọn tòmátì yí i ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èyí," ló wí, "wọ́n jẹ́ kí n débẹ̀."

A jókòó báyẹn títí iná fóònù fi ń kú lọ.

"Bá mi ṣájì ẹ̀," ló wí. "Òdòdó yẹn fẹ́ omi láàárọ̀ ọ̀la."

Mo bá a ṣájì ẹ̀.