Eyram Kò Gé Dela Jẹ

Sefakor ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Akra ò fọwọ́ líle mú ọ? Àwa ní Anloga ń bẹ láàyè, àlùbọ́sà wà lórí ebè, omi iyọ̀ ò tíì wọ kànga wa, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́, àmín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti fi Eyram sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni inú ti ń bí i bí iná ọyẹ́, ẹni bá fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, yóò gé onítọ̀hún jẹ ni. O ní lórí fóònù kí n máa fún un láyè, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀, mo gbé ibùsùn àti àpótí mi jáde síta, àyè wá pọ̀ nínú yàrá, síbẹ̀ ó tún gé ọmọ aládùúgbò wa jẹ. Ni tíṣà wọn, Madam Dzigbordi, bá ránṣẹ́ pè mí, ó ní tó bá tún gé ẹnikẹ́ni jẹ, ó di ilé nìyẹn títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní kí n kọ́ Eyram bí wọ́n ṣe ń mí. Mo ní háà, Madam, ọmọ yìí ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọjọ́ tí kò bá mí mọ́, mi ò ní mú un wá síléèwé. Ó tún fún mi ní bébà tí wọ́n ya ojú èèyàn sí, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ranjú. Mo bi í pé èwo ni olùdíje tiwa nínú wọn, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ń sunkún yẹn ni ìbò ò gbè. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ojú Eyram ni gbogbo wọn, kí ọmọ máa fi ìka han èyí tó bá wà nínú rẹ̀.

Ìyẹn ò ṣòro. Ti mímí yẹn ló le. Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ó fọwọ́ méjèèjì di ife ẹ̀kọ gbígbóná mú, tó ń gbóòórùn rẹ̀, tó ń fẹ́ ẹ kó lè tutù. Mo ní ó parí! Eyram, tínú bá ti ń bí ẹ, ṣe bíi pé ẹ̀kọ lo dì mú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ mú un níléèwé. Dela ọmọ apẹja sáré kọjá, ó tẹ àlùbọ́sà tí Eyram gbìn sínú agolo mílíìkì pa. Sefakor, ọmọ rẹ yanu, eyín yọ, èmi dijú. Nígbà tí mo lajú, ó ti kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì jọ bíi pé ife wà níbẹ̀, omijé ń dà, ó ń gbóòórùn, ó ń fẹ́ fùù, fùù. Ó wá ní Dela, inú ń bí mi sí ẹ gan-an, tún un gbìn! Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n jọ ń kó yẹ̀pẹ̀. Mo hó yèè, mo jó, fìlà mi fò lọ, títí Madam fi ní Tọ́gbúì, bàbá àgbà, ẹ̀yin náà ẹ mí díẹ̀. Ọmọ wa ò kúrò níléèwé o! Mo ti sọ ọ́ dé etí òkun.

Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà rẹ̀ àti ajílẹ̀. Tó bá jẹ́ inú fóònù ni wàá fi í sí, ká a dáadáa o, torí mo tú ẹ̀yìn fóònù mi lọ́jọ́sí, mi ò rí owó sídì kankan, bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀.

Lánàá, Eyram fìka kan àyà, ó ní ibí yìí ń ro òun, ìyá òun lòun fẹ́ rí. Kò ké, kò ju nǹkan, ó kàn sọ ọ́ fún mi bí àgbà. Ọmọ tó mọ ibi tó ń dùn ún tó sì sọ ọ́, ó yẹ ká dá a lóhùn. Bí owó ò bá sí, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfo.

Kí Ẹni tó ní kí òkun dúró létí iyanrìn mú ẹsẹ̀ rẹ dúró, kí ọ̀nà ilé má gùn lójú rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tọ́gbúì Eyram.