Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi Níbi Iṣẹ́

Màámi, ta ló fún Alárìíyá ọ̀rẹ́ mi ní àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ mi? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Láti ìgbà tí a ti jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mi ò ti rí i. Lánàá ló já wọlé, tó rí mi láàárín àwọn àlejò, tó lọgun orúkọ ìnagijẹ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, "Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Kí n tó ní kó dúró, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí a ṣe máa ń fi ara wa ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà, lórí ilẹ̀ tí omi ọṣẹ ò tíì gbẹ. Aṣọ funfun rẹ̀ bàjẹ́.

"Màmá rẹ ní ìwọ lọ̀gá ibí!"

"Dìde jàre! Àwọn ọ̀gá ń wò wá."

"Àwọn ọ̀gá wo tún ni?"

Ó gba igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi nulẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má bi mí bí igi náà ṣe dé ọwọ́ mi. Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ nípa ọ̀rẹ́. Kò sí èyí tó kọ́ mi bí a ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ó ń bọ̀ wá kí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kó sọ pé mo sanra. Ó ní òun kì í parọ́ fún ìyá. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í nípa iṣẹ́ mi. Ẹ ṣáà gbóúnjẹ fún un.

Ara mi dá ṣáká. Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Ojúmọ́ ti mọ́, mo ti pa àtùpà.

Ọmọ yín.