Omi Tútù Kò Gbọdọ̀ Kan Ìkòkò Náà

                                        Ilé Bàbá Moldokun,
                                        Ẹ̀bá Odò, At-Bashy,
                                        Naryn.
                                        28 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1984.

Ẹ̀gbọ́n mi Kalipa, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bá ọkọ yín lọ sí Kochkor láìdúró gba ìyọ̀ǹda Bàbá ni wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ yín nínú ilé yìí. Èmi náà sì gbọ́ràn bí ojo. Mo ti kọ ọ́, mo ti ya á, kí n tó kọ eléyìí.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé ọmọ ti ń rìn? Ṣé yìnyín kò tíì dí ọ̀nà òkè mọ́ yín? Àwa náà wà. Ẹsẹ̀ Màmá ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ní Naryn ni wọ́n wà, wọ́n sì ní ó ń san díẹ̀díẹ̀. Èmi parí ìdánwò mi àkọ́kọ́ ní yunifásítì ní Frunze, mo rò pé ìsinmi ni mo wá ṣe nílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kàn wá. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ jóórò, tí ń gba ara wọn lálejò ní títẹ̀léra, yóò wá mu bósò, ọtí jéró wọn, nílé wa, ọwọ́ mi sì ni ọtí pípọn bọ́ sí. Ìkòkò irin kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé láti ilé dé ilé ti wà lórí iná wa. Ẹ mọ òfin wọn: ilé tí ìkòkò náà bá ti sán, baálé ibẹ̀ kò ní bá wọn jókòó mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà òtútù, Bàbá kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Àná ni mo kọ́kọ́ rò ó. Mo da ìyẹ̀fun jéró sínú omi híhó lẹ́ẹ̀kan náà, ó di kókó, ó sì ki débi pé ọmọrogùn kò yí mọ́. Mo ń tì í, ó ń tì mí. Ibi tí mo ti ń làágùn ni Bàbá Chotbai, olórí ẹgbẹ́, ti yọjú láti wo ìkòkò wọn.

"Moldokun, ṣé ọmọ yunifásítì ló ń rokà yìí? Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn kí kálukú gbé ọtí tiẹ̀ wá látilé o!"

"Ẹnu tìrẹ ló máa kọ́kọ́ mu ún tán, Chotbai," ni Bàbá fèsì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú tì wọ́n.

Kò pẹ́ tó lọ ni òórùn jíjó gba ilé kan. Ìdí ìkòkò ti ń jó! Bàbá sáré gbé korobá omi odò wọlé, yìnyín ṣì ń léfòó nínú rẹ̀.

"Kúrò níbẹ̀, Begaim! Ṣé ìwé lo fẹ́ fi pa iná ni?"

Mo rọ̀ mọ́ korobá náà. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo: "Ẹ má dà á, Bàbá! Ẹ̀gbọ́n Kalipa kì í da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná, ó máa sán!"

Omi dà sí wa lẹ́sẹ̀. Mo ti dárúkọ yín. Bàbá wo ìkòkò, wọ́n wò mí, mo ń retí ìgbátí. Wọ́n gbé korobá kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa igi iná jáde lábẹ́ ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò kò sán. Màlúù ló jẹ ọkà tó jó, jéró tó sì kù kò ju ti ẹ̀ẹ̀kan péré lọ.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹ̀yin ni mo rí níwájú mi, ẹ kọ́ mi. Ṣé omi tútù ni ẹ máa ń fi po ìyẹ̀fun níta kí ẹ tó rọra dà á sínú ìkòkò? Ìgbà wo ni ẹ máa ń dín iná kù? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó láti gba ọkà híhù tí yóò sọ ọ́ di ọtí? Ẹ̀rù ń bà mí kí ooru má pa agbára rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ẹ náà ti gbó. Bó bá ya mọ́ mi lọ́wọ́, ta ni mo fẹ́ wí fún?

Nígbà tí a jẹun tán, Bàbá béèrè láìwo ojú mi: "Báwo ni òun ṣe máa ń ṣe é?"

Mo ní n kò mọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ṣé kò mọ̀wé kà ni?" Wọ́n dìde, wọ́n lọ wo ẹṣin.

Awakọ̀ tí ń kó irun àgùntàn gba Kochkor ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Yóò padà sọ́dọ̀ wa lọ́túnla; ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èsì rán an.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbé ọmọ jó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa lẹ́tà yìí, pàápàá jù lọ pé Bàbá béèrè. Èmi ni kí ẹ kọ èsì sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, nítorí ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́.

Èmi ni àbúrò yín tí àyà rẹ̀ ń já,
Begaim