Adìyẹ Tí Mo Fi Ìborùn Ìgbéyàwó Wé

Ẹ̀gbọ́n mi Oydin,

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo fi pamọ́ fún yín láti oṣù kan sẹ́yìn: díẹ̀ ló kù kí n pa adìyẹ ìyá ọkọ mi! Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní ìlú Tomsk lọ́hùn-ún. Ara gbogbo wa le.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tuntun ló ń tún àgbàlá ṣe kí Nawruz, ọdún tuntun wa, tó dé. Kí adìyẹ funfun wọn lè mọ́ bí àgbàlá, èmi bá fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ nínú òtútù. Ó ń gbọ̀n, kò lè dìde. Mo fi ìborùn ìgbéyàwó mi wé e, mo gbé e sẹ́bàá ààrò, mò ń sunkún pé wọ́n á dá mi padà sílé.

Ìyá ọkọ mi bá wọlé. "Ìyàwó, ṣé adìyẹ yìí náà ń lọ sílé ọkọ ni? Eérú ni adìyẹ fi ń wẹ̀ o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní báyìí, èmi ni mò ń da eérú gbígbẹ sí kòtò tí gbogbo adìyẹ Ìyá, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ti ń wẹ̀, tí mò ń fi òróró pa àwọn adìyẹ náà lẹ́sẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n. Adìyẹ funfun yẹn ti ń yé ẹyin! Lánàá, Ìyá sọ fáwọn aládùúgbò pé, "Ẹ má bi mí ní ẹyin mọ́, ìyàwó mi ló ni adìyẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán." Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi wú!

Ẹyin adìyẹ tèmi la máa fi aró kùn fún Nawruz lọ́dún yìí. Tí ẹ bá ń bọ̀ wálé fún ọdún, ẹ bá mi ra aró pupa dání. Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ yín dé láyọ̀. Èmi Gulandom, àbúrò yín, ń retí gbogbo yín ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta.