Kóòtù Awọ Mi Níbi Ìsìnkú

Mma Boikhutso, ẹ kú iṣẹ́ rédíò o, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ará Ghanzi ní Botswana níbí ni mí, orin rọ́ọ̀kì ni mo sì fẹ́ràn jù. Àwọn èèyàn ní Sátánì làwa onírọ́ọ̀kì ń sìn, pé a ò mọ orin kankan ju ariwo lọ.

Lọ́jọ́ tá a sin àbúrò ìyá mi obìnrin, mo wọ kóòtù awọ dúdú mi, irú èyí táwa onírọ́ọ̀kì máa ń wọ̀, torí ọkùnrin tí ò bá wọ kóòtù kì í dé etí sàréè lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin wò mí látòkè délẹ̀.

"Bọ́ nǹkan Sátánì yẹn kúrò lára!"

Mo bọ́ ọ.

"Ṣé báyìí lo ṣe máa dúró ti sàréè, láìwọ kóòtù? Kúrò níbẹ̀ yẹn!"

Mo lọ dúró sídìí wáyà ọgbà. Nígbà tí wọ́n dá orin ìsìn, mo bá wọn kọ báàsì láti ibẹ̀. Wọ́n yíjú, wọ́n ní mo ti ronú pìwà dà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi onírọ́ọ̀kì gbọ́, wọ́n ní, "Pásítọ̀, gbé kóòtù yẹn fún wa jàre!"

Mi ò ronú pìwà dà kankan. Olóògbé ló kọ́ mi lórin ìsìn yẹn ní kékeré. Olóògbé yìí kan náà ló ra kóòtù yẹn fún mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ó yẹ kí n bọ́ ọ?