Mo Dá Orin Láìfọwọ́ Bonu, Bàbá

Bàbá mi tó kọ́ mi ní àtúnṣe àwọ̀n,

Ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ tó mọ abẹ́rẹ́ àwọ̀n ju bírò lọ ló kọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé pírámárì fáìfù ni mo ti kúrò. Lẹ́tà mi ṣì ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè wá sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá kọ ìlà kan, mo máa ń wo omi díẹ̀ kí n tó kọ òmíràn. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin náà kì í kánjú.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá. Oṣù karùn-ún rèé. Apẹja ni, ará Òde Ugbò, kì í pariwo, ó sì máa ń bu omi mu kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Òkun ti gbé ìdí àgbọn tí ẹ máa ń jókòó sí ní Àràròmí lọ, ṣùgbọ́n ara Màámi le. Nínú ẹrù ìyàwó tí wọ́n dì fún mi, wọ́n fi agolo yín sí i, èyí tí ẹ máa ń kó abẹ́rẹ́ àwọ̀n sí, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré onígi tí mi ò rí i kí ẹ lò rí. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe? Bí ẹ bá ti ta kókó tán, ẹ ó tẹ orí sílẹ̀, ẹ ó fi eyín gé òwú, tọ́, ó tán. Èmi tí mo jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, mo ta kókó tèmi, mo tẹ orí sílẹ̀, tọ́. Ẹ ó wò mí, ẹ ó ní, "Ọma mi rèé." Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o láyé nígbà náà.

Òwú yẹn ló jẹ eyín wa. Eyín iwájú yín ní ojú kan tó jin wọlé tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí òwú máa ń jókòó sí. Nígbà tí mo fi máa pé ogún ọdún, tèmi náà ti ní in. Ọ̀kan nínú eyín iwájú mi lókè ti jin bẹ́ẹ̀, èkejì ti kán ní igun, àwọn méjèèjì sì ti pọ́n. Lẹ́nu ọkùnrin, wọn kì í wò ó. Lẹ́nu obìnrin, wọ́n ń wò ó. Mo wá mọ̀ ọ́n ṣe: bí ẹ̀rín bá ti ń bọ̀, ọwọ́ mi ti dé ẹnu kí ẹ̀rín tó dé.

Ohun tí mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni nìyí. Lọ́jọ́ tí a sin yín, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń dá orin yín, èyí tí ẹ máa ń kọ tí ẹ bá ń wakọ̀ bọ̀ láàárọ̀, tí a fi ń mọ̀ pé ẹja wà. Ó kàn mí. Èrò pọ̀, gbogbo wọn dojú kọ mí. Mo fọwọ́ bonu. Wọ́n rò pé ẹkún ló gbé mi lóhùn lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì bá mi kọ ọ́. Bàbá, kì í ṣe ẹkún nìkan. Ìtìjú eyín ni. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ ń dúró de ohùn mi lọ́jọ́ náà?

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, ọ̀rọ̀ náà tún bá mi débẹ̀. Ní ìjọ wa níbí, ìyàwó tuntun ló máa ń dá orin ní Ọjọ́ Àìkú àwọn obìnrin, kí gbogbo ìjọ lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé ó ti di tiwọn. Oṣù àkọ́kọ́, mo ní ikọ́ ń ṣe mí. Oṣù kejì, inú rírun. Wọ́n wá ń sọ ọ́ kiri pé ìyàwó Àràròmí yìí ń gbéra ga, pé kò ka àwọn sí ẹni tí òun lè kọrin fún. Mo rí i pé ìyá ọkọ mi, wọn kì í dúró pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Ìjọ fúnra wọn dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, tí ikọ́ bá tún mú ọ lóṣù tó ń bọ̀, a ó gbé orin náà fún ẹlòmíràn, a ò sì ní bi ọ́ mọ́." Mo ní, ẹ ṣeun mà. Ọwọ́ mi wà lẹ́nu nígbà tí mo sọ ọ́.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló tú àṣírí mi. Adúmáadán ni mo ń pè é, ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. À ń yan ẹja lọ́jọ́ kan, ó sọ nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín, mo bonu.

"Ìyàwó wa, ẹja wa lo kó sẹ́nu ni? Tú u jáde, a ò ní lù ọ́."

Ẹ̀rín yẹn pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ, Bàbá. Ó rí eyín mi. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó kàn ní, "Nítorí èyí náà ni o ò ṣe kọrin?" Òun ló sọ fún ọkọ mi. Ọkọ mi bu omi mu. Ó ní, "Èmi ò rí nǹkan tó ṣe eyín rẹ. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń há ohùn mọ́ ọ nínú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

Ọkùnrin kan wà lẹ́bàá èbúté Igbókọ̀dá tó ní kíákíá lòun á lẹ eyín tuntun mọ́ mi lẹ́nu. Kò tiẹ̀ ní kí n la ẹnu. Adúmáadán fà mí lápá, ó ní ẹni tí kò wo ẹnu, kí ló fẹ́ tún ṣe níbẹ̀? A wọ bọ́ọ̀sì, ó di Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ dókítà eyín kan, obìnrin àgbà tó ń wo èèyàn láti òkè jígí. Wọ́n fi irin kékeré tẹ èrìgì mi, ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn ò ní lẹ nǹkan kan mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀yin ará omi, tí òpó ilé yín bá ń jẹrà, ṣé ògiri lẹ máa kọ́kọ́ kùn?" Wọ́n fọ eyín mi, wọ́n dí ọ̀kan tí kòkòrò ti jẹ lẹ́yìn, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdí eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Adúmáadán kùn títí a fi dé Òkìtìpupa. "Gbogbo ọ̀nà yìí, kí wọ́n lè ní ká lọ fọ ẹnu." Inú tèmi ń dùn. Ẹnì kan ti wo ẹnu mi pẹ́, kò sì fajú ro.

Nígbà tí a padà lọ, èrìgì mi ti mọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Ohun tí wọ́n ń lẹ̀ yẹn kì í ṣe eyín gidi, Bàbá. Ó rọ̀ bí òkèlè pupuru nígbà tí wọ́n mú un jáde, wọ́n á mọ ọ́n sí ara eyín ẹni, wọ́n á tan iná búlúù sí i, á gan. Wọ́n ní àwọn ò ní gé lára eyín mi, àwọn kàn máa ha ojú rẹ̀ díẹ̀ kó lè dì mú. Wọ́n ní kì í wà títí ayé, pé lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò fẹ́ àtúnṣe, pé tíì àti obì máa ń pa á láró. Wọ́n kó àpẹẹrẹ àwọ̀ síwájú mi, eyín kéékèèké tí wọ́n tò bí ẹja orí igi. Èmi na ọwọ́ sí èyí tó funfun jù. "Ìyàwó, ṣé eyín lo fẹ́ ni, àbí àwo ìjẹun?" Wọ́n fi èyí tó bá àwọn tó kù mu hàn mí, wọ́n ní kí n rò ó dáadáa, nítorí tó bá ti gan tán, kò sí oògùn tó lè sọ ọ́ di funfun sí i.

Wọ́n wá bi mí bóyá mo máa ń fi eyín ṣe nǹkan líle. Egungun ńkọ́? Rárá mà. Ìdérí ìgò? Rárá mà. Akàn? Mo ní òkúta ni mo fi ń fọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn pẹ̀lú òótọ́. Òwú àwọ̀n kò wá sí mi lọ́kàn, àní kò wá rárá. Ta ló ń ka òwú sí nǹkan líle? Ta ló tiẹ̀ ń ka gígé òwú sí jíjẹ? Iṣẹ́ ni, bí ẹni ń fi ìka tú okùn.

Wọ́n ṣe é. Wọ́n dán an títí ahọ́n mi fi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Nínú dígí, mo rí ẹnì kan tó jọ mí tí mi ò tíì pàdé rí. Lójú omi, mo la ẹnu fún atẹ́gùn láti Igbókọ̀dá títí délé. Adúmáadán ní kí n pa á dé kí kòkòrò má kó sí i.

Ọjọ́ kẹta, ọkọ mi tẹ́ àwọ̀n tó fàya sílẹ̀. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ń ronú orin, mo ta kókó, mo tẹ orí sílẹ̀. Tọ́.

Kì í ṣe òwú nìkan ló já. Igun eyín wà lórí ahọ́n mi bí ìyanrìn.

Bàbá, mo sunkún. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n dá orin. Ọwọ́ mi padà sẹ́nu bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí. Mo sọ fún ọkọ mi pé ó ti tán, kí wọ́n gbé orin fún ẹlòmíràn. Ó bu omi mu, ó lọ gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a wà lọ́nà Àkúrẹ́.

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n bọ́ jígí. "Mo ka gbogbo nǹkan líle ayé yìí fún ọ." Mo ní, "Ẹ ò dárúkọ òwú, mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n mú ìwé kan, wọ́n kọ òwú àwọ̀n sí abẹ́ egungun àti ìdérí ìgò. Wọ́n ní ará omi kankan kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́ kí àwọn má bi í. Nítorí tèmi, Bàbá, èmi tí mo kúrò ní pírámárì fáìfù, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún ìwé dókítà. Wọ́n ní àǹfààní irú àtúnṣe yìí ni pé ibi tó kán nìkan ni àwọn yóò tún mọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí màá máa fi gé òwú.

Mo ní ọ̀bẹ bàbá mi.

Mo so ó mọ́ ọrùn báyìí, òwú àwọ̀n náà ni mo fi so ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, ó ṣe mí bíi pé mò ń kọ̀ yín sílẹ̀. Orí mi ṣì ń tẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Adúmáadán á fi orúkọ tó sọ mí pè mí láti ìdí iná pé, "Olóyin eyín, ọ̀bẹ ńkọ́?" Ṣé ẹ bínú? Tàbí ẹ̀yin náà ìbá ti lo ọ̀bẹ yìí, ká ní ẹnì kan tètè sọ fún yín?

Ọjọ́ Àìkú dé. Gbogbo obìnrin wọ funfun. Ìyá Ìjọ pè mí, mo sì rí i pé ẹlòmíràn ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Mo dìde. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo fi di ọ̀bẹ yín mú láyà. Mo dá orin yín, Bàbá, orin ọkọ̀ tó lẹ́ja nínú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìfọwọ́ bonu. Àwọn obìnrin gbè é títí pátákó ilẹ̀ fi ń mì lórí omi. Nígbà tó parí, mo rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rí gbogbo eyín mi. Ìyá ọkọ mi ló kẹ́yìn níta lọ́jọ́ náà, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ìyàwó mi nìyẹn o."

Mo jẹ yín ní orin yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ gbà á.

Nǹkan kan kù tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi dókítà. Eyín ìsàlẹ̀ kan wà tí òwú jẹ bákan náà. Wọ́n fẹ́ dí i, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rí i. Bí mo bá ti dákẹ́, ahọ́n mi máa ń lọ jókòó síbẹ̀, ó sì máa ń bá yín níbẹ̀.

Èmi ni, ọma yín tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo tún rántí, Bàbá. Inú agolo yín ni màá fi ìwé yìí sí. Àwọn obìnrin ìjọ Àràròmí ti ránṣẹ́ pé kí n wá dá orin náà fún àwọn níbẹ̀, ọkọ̀ sì ti dé, Adúmáadán ń pè mí láti ẹsẹ̀ omi, ó ní kí n má tún sọ pé ikọ́ ń ṣe mí, mo ní mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kàn sọ fún bàbá mi pé tí mo bá dé Àràròmí, màá kọjú sí ibi tí àgbọn yẹn wà tẹ́lẹ̀, màá sì dá a fún yín.